Ìgò Tí Eruku Bò

"Àrínọlá, ìgò tó wà lẹ́yìn pátápátá dà?"

Olúṣínà kúnlẹ̀ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. Ọ̀sán Sátidé ni. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, eruku apẹ̀rẹ̀ òbì ṣì wà ní èjìká rẹ̀ láti sítéṣọ̀n rélùwéè Agége, níbi tó ti ń wọn òbì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó lọ sí Kánò. Àwọn ìgò wisikí tuntun wà ní ìdúró wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń dán, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé. Èyí tó máa ń wà lẹ́yìn wọn ni kò sí. Ibi tó jókòó sí láti ọdún mẹ́rin ti di òbìrìkìtì mímọ́ kan láàárín eruku.

Àrínọlá yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́. "Bàbá Lọ́lá, ẹ káàbọ̀. Ìgò wo nìyẹn?"

"Èyí tí eruku bò. Èyí tí ìwé ara rẹ̀ ti ń ṣí."

"Áà, ìyẹn!" Ojú obìnrin náà tú ká. "Mo gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú lónìí. Ẹ̀gbọ́n Fàúsát, ọmọ Alhaji onílẹ̀, wá síbí lẹ́yìn tí ẹ lọ síbi iṣẹ́. Ó ní gbogbo ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ wọn ló ti gbé ọtí ìṣákọ́lẹ̀ wá, ó ku tiwa. Ó ní lọ́la ni bàbá wọn fẹ́ kó gbogbo ọtí náà lọ sínú oko òbì, kí ó dà á fún ilẹ̀, nítorí pé katakata ìjọba ń wọ oko náà lọ́jọ́ Ajé."

"Mo ti sọ fún ọ pé mà á ra sínáàpù tí oṣù bá parí."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá náà. Obìnrin yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó, kò gba omi. Ṣé kí n jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo ni? Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rí àwọn tó ń dán, mo ní rárá, ọkọ mi fẹ́ràn àwọn wọ̀nyí. Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn, mo rí ògbólógbòó kan tí ọtí inú rẹ̀ pàápàá ti fà wálẹ̀ láti ọrùn. Mo ní ọkọ mi ò ní ka èyí sí. Mo fi aṣọ nù ún dáadáa, mo gbé e fún un."

Olúṣínà di etí kọ́bọ́ọ̀dù mú. Ó fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí ariwo náà máa gbà jáde. Obìnrin tó tọ́jú èyí tó dára jù fún ọkọ rẹ̀, ẹ̀sùn wo ni wọ́n fẹ́ fi kàn án?

"Ṣé mo ṣàṣìṣe ni?"

"Ìyá Lọ́lá," ló wí nígbà tó yá, "ìgò yẹn ni kẹ̀kẹ́ mi."

Àrínọlá jókòó sórí àpótí.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Olúṣínà ti tu owó jọ láti ra kẹ̀kẹ́, kí ó lè sinmi ìrìn tó ń rìn láti ilé dé sítéṣọ̀n lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ rà á, ó yà síbi gbàǹjo ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù òyìnbó kan tó ń padà sílé. Ó rí àga, ó rí àwọ̀n ẹ̀fọn, ó rí àwòrán ẹṣin. Lábẹ́ tábìlì ló ti rí ìgò náà. Ó ka ìwé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò lọ́dún 1935, lẹ́yìn tó ti lo ọdún mọ́kànlélógún nínú àgbá igi. Olúṣínà yọ ọ́, ó dúró sí 1914.

Ọdún tí ogun Jámánì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí tirẹ̀ náà nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlú wọn ní Ìjẹ̀bú. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló máa ń sọ pé ìròyìn ogun àti igbe rẹ̀ jọ wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni. Àrùn lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ tó tẹ̀ lé ogun náà, pa ìyá rẹ̀ nígbà tí kò tíì lè so okùn ṣòkòtò fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó kù láyé tó lè sọ fún un bí ayé ṣe rí ní ọdún tí òun dé. Ṣùgbọ́n níbi gbàǹjo yẹn, ó gbé ohun kan lọ́wọ́ tí wọ́n rọ pamọ́ lọ́dún náà gan-an, tó jókòó sínú òkùnkùn igi, tó ń gbó láìsọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ó san owó kẹ̀kẹ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn wálé. Ó ṣì ń fẹsẹ̀ rìn.

Kì í ṣe ọ̀mùtí. Ẹnikẹ́ni ní àdúgbò kò rí i kó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ rí. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún 1945 ló fún un ní ìfẹ́ yìí. Gààrí àti omi ni òun àti Àrínọlá fi la ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà já, nígbà tí ó sì fẹ́ parí, omi nìkan ló kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, àgbà gáàdì rélùwéè kan ṣí ìgò wisikí àtijọ́ tó ti ń pa mọ́, ó sì fi ìdérí agolo omi bu díẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ebi ti fọ ahọ́n Olúṣínà mọ́ tónítóní. Ó gbé ìwọ̀n ẹ̀kán omi yẹn sẹ́nu, ó sì dúró lójú irin bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá a. Tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, á nu àwọn ìgò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á bu díẹ̀ sínú gíláàsì kékeré, á kán omi sí i lẹ́ẹ̀mejì, á sì jókòó tì í.

"Ẹ ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀sán," Àrínọlá máa ń wí. "Ṣé ọbẹ̀ ni?"

Ìgò 1914 nìkan ni kì í nù. Ó ń dúró de ọjọ́ tó bá a mu kó tó ṣí i. Nígbà tí Lọ́lá wọ iléèwé gíga, ó gbé e jáde, ó wò ó, ó ní ọjọ́ náà kò tíì tó. Nígbà tí wọ́n fún Olúṣínà fúnra rẹ̀ ní ipò lẹ́nu iṣẹ́, ó tún gbé e padà.

"Ẹ lọ gbà á padà," Àrínọlá wí, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. "Ẹ sọ pé èmi ni mo ṣìnà."

"Ta ló ń gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ àgbà?"

"Ẹ fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀ nígbà náà."

Olúṣínà mú méjì tó dán jù nínú àwọn tuntun, ó kó wọn sábẹ́ apá, ó jáde.

Ní ibi tí ọ̀nà ti gba orí irin kọjá ló ti pàdé Yẹmí oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ máa ń mu ìwọ̀n díẹ̀ yẹn. Ìyẹ̀fun funfun wà títí dé irun ojú rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!" Yẹmí kígbe. "Ọmọ Ìjẹ̀bú gbé ìgò méjì jáde nílé láìsí ẹni tó fi ìbọn tì í lẹ́yìn! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ṣé o fẹ́ gbé ìyàwó kejì ni? Sọ fún mi kí n bá ọ rò ó. Owó búrẹ́dì ọmọ tuntun ò kéré."

Olúṣínà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Yẹmí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ nù. "Èyí tí o ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn rí?"

"Òun ni."

"Yé! Ilẹ̀ fẹ́ mu ohun tí èmi ò mu."

Lẹ́yìn orí irin, ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ oko òbì Alhaji Sànní. Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ti kun ọ̀dà pupa yí gbogbo igi náà ká, ní ìwọ̀n ìgbànú ọkùnrin. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tuntun máa wà, tí wọ́n ní yóò gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn síṣẹ́. Olúṣínà ń rìn lábẹ́ òjìji wọn, ó ń kọ́ ẹnu rẹ̀ ní ohun tó máa sọ.

Fàúsát ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé. Obìnrin gíga ni, ó ti lé lógójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá rẹ̀ wà. Ó wo ìgò méjèèjì, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ wá wo nǹkan! Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já kí Bàbá Lọ́lá tó jáde. Lónìí mo lọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ń tẹ̀lé mi bọ̀. Ṣé ara yín yá?"

"Ara mi le, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Ẹ wọlé kẹ́ ẹ wá fi kún ti inú ilé. Ilé Mùsùlùmí tó ní ọtí ju òtẹ́ẹ̀lì lọ."

Olúṣínà kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí, kò sì béèrè. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji Sànní, tó jókòó sórí awọ àgùntàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Arúgbó náà tín-ín-rín, ó sì mọ́ bí ẹyin.

"Ọmọ Ìjẹ̀bú, dìde. Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ irin ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Baba. Ìgò tí ìyàwó mi fi rán ẹ̀gbọ́n Fàúsát láàárọ̀ ni mo ń tẹ̀lé bọ̀. Kò mọ̀ ni. Ohun tó gbé kalẹ̀ kò yẹ yín. Ó ti gbó, ó ti fà, ojú rẹ̀ ò ṣeé wò. Ìtìjú ló jẹ́ fún mi. Mo wá fi méjì tó dára pààrọ̀ rẹ̀."

Bó ṣe kọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́, ó sì yọ̀ jáde geere.

Alhaji na ọwọ́ méjèèjì. Ó gba ìgò kìíní, ó ṣàdúrà sí i. Ó gba èkejì, ó ṣàdúrà sí i. Ó ṣàdúrà fún Àrínọlá, fún Lọ́lá, fún sítéṣọ̀n àti fún gbogbo ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Òkè Ọya. Lẹ́yìn náà ó gbé méjèèjì lé Fàúsát lọ́wọ́, Fàúsát sì gbé wọn wọlé.

Wọ́n jókòó. Adìyẹ kan kọjá.

"Baba," Olúṣínà wí, "tàárọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Èwo?"

"Èyí tó gbó."

"Ó ti wọlé. Ọtí ilẹ̀ kì í jáde mọ́ tó bá ti wọlé. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Ilẹ̀ kì í kọ arúgbó."

Ẹ̀rín Fàúsát ta jáde láti inú ilé. Òógùn bo Olúṣínà. Ìgò kan ló wá gbà, ó ti pàdánù mẹ́ta. Ó wo ẹní títí, ojú tì í ju ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko ọlọ́ko.

"Baba, ẹ foríjì mí. Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀. Ẹni tó gbé méjì wá gba ọ̀kan, ọ̀kan yẹn ju méjì lọ. Mo ti ń ta òbì fún Haúsá kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ. Wá sọ òtítọ́."

Olúṣínà sọ ọ́. Ó sọ ti gbàǹjo àti ti kẹ̀kẹ́, ó sọ ti ìyá tí kò mọ ojú rẹ̀. Ìka Alhaji ń lọ lórí tẹ̀sùbáà, nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi lùkúlùkú, ìka náà dúró.

"Láti ọdún ogun Jámánì ni wọ́n ti rọ ọ́ pamọ́, tí ẹnikẹ́ni ò tọ́ ọ wò?"

"Ẹnikẹ́ni, Baba."

"Fàúsát! Mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìyá mi wá."

Yàrá náà wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fàúsát ṣí ilẹ̀kùn, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Kì í ṣe òórùn ẹnu ọ̀mùtí. Afárá oyin tó ti pẹ́ ni, awọ gàárì ẹṣin ni, igi tí iná ti lá lára ni, àti àgbálùmọ̀ tó ti rọ̀ jù lórí ẹní. Ó jáde jẹ́jẹ́ bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun. Olúṣínà ti bọ́ fìlà kí ó tó rí nǹkan kan.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wá mọ́ òkùnkùn, ó rí wọn. Láti ilẹ̀ títí kan òrùlé, lórí pákó tó yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, ìgò ni. Sínáàpù oníkọ̀rọ̀ mẹ́rin, àwọ̀ ewé. Jíìnì inú ìkòkò amọ̀ olọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́. Wisikí wà láàárín wọn níbí àti lọ́hùn-ún, bí ìjòyè láàárín ará ìlú. Ìtàkùn aláǹtakùn bo àwọn tó wà lẹ́yìn débi pé wọ́n dà bí ẹni tó dé fìlà funfun. Ó ka ìwé ara ọ̀kan. Wọ́n ti rọ ìyẹn sínú ìgò kí ogun Jámánì tó bẹ̀rẹ̀. Ó ka òmíràn. Ó wá ìgò tirẹ̀, ó rí i nítòsí ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ mọ́ fínnífínní nítorí aṣọ tí Àrínọlá fi nù ún. Ògbólógbòó tó fi kẹ̀kẹ́ rà dà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí wọ́n gbé síwájú àwọn baba ńlá rẹ̀.

Kò mọ ìgbà tó bọ́ bàtà.

"Baba, kí lèyí?"

Alhaji kò ré ẹnu ilẹ̀kùn kọjá. Ó fi etí agbádá di imú. "Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Lùkúlùkú pa bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀, ni wọ́n bá fi èmi sípò olórí ẹbí. Mo sì ti ń kírun. Tí ẹni tí a fún nílẹ̀ bá gbé ọtí wá tí mo kọ̀ ọ́, yóò lọ sùn pẹ̀lú ẹ̀rù pé mo fẹ́ lé òun. Nítorí náà mo gbà á, mo ṣàdúrà fún un, mo gbé e síbí. Mi ò mu ún rí. Mi ò tà á rí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé e wá ti lọ sọ́run."

"Àwọn àbúrò mi rí ẹni tó fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó," Fàúsát wí.

"Kí a wá fowó ọtí ṣe kí ni? Kí a fi lọ Mẹ́kà?"

Olúṣínà wọ inú lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ eruku bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀wù ẹlòmíràn. Ní kọ̀rọ̀ tó jìnnà jù, ó rí ìkòkò amọ̀ kan tí èdìdì ìda pupa ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò rò pé òun yóò rí irú rẹ̀ láyé òun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ìkòkò náà fúyẹ́ bí akèrègbè. Ó mì ín. Kò dún.

"Ó ti tán, Baba."

"Ta ló mu ún? Ẹnikẹ́ni ò wọ ibẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ ni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ara ìdérí jáde. Òun náà ni òórùn tí à ń gbọ́ yìí."

"Mi ò gbóòórùn nǹkan kan o. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé e wọbẹ̀, mo ń di imú ni." Arúgbó náà na ọrùn wo inú yàrá. "Kí lẹ̀ ń rí nínú rẹ̀ gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń mu ún?"

Olúṣínà ronú. Kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ó ti dákẹ́ pẹ́, Baba. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo ohun tí kò sọ láti ọjọ́ yìí wá ló ń sọ pa pọ̀. Ó sì ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́."

Alhaji mi orí. "Ẹ gbọ́. Lọ́la, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣí wọn. Àwọn ọmọ mi ò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn ọ̀mùtí sítéṣọ̀n, tí wọ́n bá da ìlàjì sílẹ̀, wọn á da ìlàjì sọ́nà ọ̀fun. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì bẹ̀rù rẹ̀ ni mo ń wá. Bá mi ṣe é, kó o sì gbé tìrẹ lọ sílé."

"Gbogbo rẹ̀, Baba? Ẹ fẹ́ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀? Mo bẹ̀ yín, mélòó kan níbẹ̀..."

"Ti ta ni wàá mú? Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ, aránbàtà kan ló gbé e wá, ọmọ mẹ́fà ló bí sórí ilẹ̀ yìí. Èyí tó tẹ̀ lé e, opó kan ló ń fi í pàrọwà kí wọ́n má gba ilé ọkọ òun. Mi ò bọ nǹkan kan, Olúṣínà. Wọ́n fi síkàáwọ́ mi fún ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ ń lọ. Mo gbọ́dọ̀ fún un ní ohun tirẹ̀ kí ó tó lọ."

Olúṣínà gbé ìkòkò òfìfo náà padà síbi tó ti mú un.

"Mà á wá," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí tèmi wà níbí títí di ọ̀la."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọmọlanke bíi mẹ́ta ló kó àwọn ìgò náà dé inú oko. Àwọn èèyàn ti pé jọ sábẹ́ igi olọ́dà pupa: ọmọ àwọn tó ti kú, opó, àti àwọn tó ṣì ń gbé orí ilẹ̀ náà. Àrínọlá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Yẹmí gbé búrẹ́dì gbígbóná wá. Àwọn aláàárù kan láti sítéṣọ̀n mú ife lọ́wọ́, wọ́n takété sẹ́yìn, wọ́n ń dápàárá pé àwọn wá bá ilẹ̀ mu èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Alhaji dúró sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, aṣọ ní imú. Òun ló ń pe orúkọ àwọn tó gbé ọtí wá, láti orí rẹ̀, láìṣe àṣìṣe. Olúṣínà ń ṣí, ó ń dà. Àpárá àwọn aláàárù ń dínkù bí orúkọ ṣe ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì fi ife sápò. Òórùn náà ń gòkè láti ìdí igi, ó ń yí padà bí ìgò ṣe ń yí padà, títí gbogbo oko fi dà bí inú ilé ẹnì kan tó ti rìn jìnnà dé. Oyin bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọn kò ta ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń rìn lórí ilẹ̀ tútù náà.

Nígbà tó kan ìkòkò amọ̀ òfìfo náà, Alhaji pe orúkọ ẹni tó gbé e wá bíi ti àwọn yòókù. Olúṣínà fọ́ èdìdì, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Èérún ìda pupa nìkan ló já sílẹ̀. Obìnrin arúgbó kan nínú èrò wólẹ̀ síbi tó já sí. Ó ní bàbá òun nìyẹn.

Ó wá ku ìgò kan.

"Tìrẹ nìyẹn," Alhaji wí. "A dúpẹ́. Gbé e lọ sílé."

Olúṣínà gbé e dání. Ó rántí bó ṣe gbé e jáde nítorí Lọ́lá, tó sì gbé e padà. Ó rántí bí ìkòkò yẹn ṣe fúyẹ́. Ó wo àwọn igi, ó wo Àrínọlá, tí kò lè gbójú sókè láti àná.

"Yẹmí, yá mi ní ọ̀bẹ búrẹ́dì."

Ìdérí ìgò náà ti gbó, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu ọ̀bẹ. Olúṣínà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí igi tó tóbi jù. "Olúṣínà," ló wí, "ọmọ Olúfọlákẹ́." Kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ìyá rẹ̀ síta láti ìgbà tó ti dàgbà. Ó dà á fún ilẹ̀. Kò dà á tán.

Ó bu díẹ̀ sínú ife tánganran, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀.

"Èmi? Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ mu ún."

"Ìwọ lo nù ún. Mu ún."

Ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ sún jọ, ó fẹ́ tu ú. Lẹ́yìn náà ló dúró jẹ́ẹ́.

"Bàbá Lọ́lá, nǹkan kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

"Dúró dè é."

"Ó ṣì ń bọ̀," Àrínọlá wí, ó fọwọ́ lé àyà. "Ó ṣì ń bọ̀ o."

Yẹmí gba tirẹ̀. Ó mu ún. Ó gé búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́, ó ń pín in fún èrò láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Olúṣínà gbé èyí tó kù sẹ́nu, ó sì di ojú. Ó kọ́kọ́ dà bí iná tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló gbóná, ló dùn, ló korò díẹ̀ bí òbì tí èèyàn ti jẹ tipẹ́ tó wá mu omi lé e. Kò sọ fún un bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ nísinsìnyí pé ọdún yẹn wà lóòótọ́, pé òjò rọ̀ nínú rẹ̀, pé ẹnì kan gbé igi jọ fún àgbá, ó sì ṣe é dáadáa láìmọ ẹni tó ń ṣe é fún. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ó ti tán?" Alhaji béèrè láti ibi tó dúró sí.

"Ó ti tán, Baba."

"Gbé ìgò náà wá."

Arúgbó náà gbà á. Ó wò ó sínú oòrùn. Lẹ́yìn náà, ó mú aṣọ kúrò ní imú.

"Bàbá mi!" Fàúsát ké. "Ẹ rántí pé Alhaji ni yín o!"

"Dákẹ́. Òfìfo ni."

Ó gbé ẹnu ìgò sí imú, ó fà á símú díẹ̀díẹ̀, àyà rẹ̀ tín-ín-rín gbé sókè. Kò mú un kúrò. Ohùn oyin nìkan ló ń dún nínú oko.

"Láti ìgbà lùkúlùkú ni mo ti ń di imú sí èyí," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ó yíjú sí ọ̀nà ilé. Kò dá ìgò náà padà, Olúṣínà kò sì béèrè. Alhaji Sànní fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ìgò náà, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ohun kan fò lọ, ó sì gbé e bẹ́ẹ̀ gba àárín àwọn igi rẹ̀ délé.